Ata Kan Ṣoṣo Nínú Ilé Gíláàsì

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá

Òtútù ti dé. Ní aago mẹ́fà àárọ̀, ìta jẹ́ dígírì 8, inú ilé gíláàsì tí a ń gbin nǹkan sí jẹ́ 17.

Bọ̀dá, ẹ̀gbọ́n mi, fi gbogbo àárọ̀ na ọ̀rá sára gíláàsì láti inú kí afẹ́fẹ́ má baà rí ibi yọ́ wọlé. Wọ́n ń kọrin lórí àkàsọ̀, èmi di ẹsẹ̀ àkàsọ̀ mú. Fèrèsé àlòkù ni Bọ̀dá fi kọ́ ilé náà lọ́dún tí wọ́n ti ilé búrẹ́dì wọn pa, kò sì sí fèrèsé méjì tó bára mu níbẹ̀. Ibi tí ihò wà kò lóǹkà.

Mo ka òṣùwọ̀n ooru, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Bọ̀dá wò mí láti òkè.

“Ọ̀gá Ojú-ọjọ́, ọgbọ̀n ọdún lo fi ń ka òtútù fún ìjọba. Kò tíì sú ọ?”

“Kò tíì sú mi.”

“Owó ìfẹ̀yìntì rẹ ò sì tìtorí ẹ̀ pọ̀ sí i.”

A gbé ata ìyá wa sí igun tí oòrùn ń pẹ́ sí jù. Gbogbo hóró tó kù nínú ìgò rẹ̀ la gbìn lóṣù Kẹrin, ẹyọ kan yìí ló hù. Ìgò ti ṣófo. Bí igi yìí bá kú láìso, ó tán nìyẹn. Kò sí irú rẹ̀ lọ́jà, kò sí lọ́wọ́ ẹbí kankan, mo ti béèrè kiri. Bọ̀dá fẹ́ fi ṣe búrẹ́dì aláta wọn lẹ́ẹ̀kan sí i kí wọ́n tó kú, èmi fẹ́ hóró. A ti fẹnu kò pé hóró ló kọ́kọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 12 Oṣù Kẹwàá

Òdòdó àkọ́kọ́ là. Funfun, ó dorí kọdò bí ẹni tí ojú ń tì. Oyin kankan ò lè wọlé mọ́ látìgbà tí a ti na ọ̀rá, nítorí náà mo fi ìka kan igi rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí àtíkè inú òdòdó lè gbọ̀n sílẹ̀, kó sì so.

“Ṣé bó o ṣe máa ń kan ilẹ̀kùn ọ̀gá rẹ nìyẹn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Abájọ tí wọn ò fi gbé ọ ga.”

Ọjọ́bọ̀, 16 Oṣù Kẹwàá

Ó rẹ̀ dànù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 Oṣù Kẹwàá

Òjò wẹẹrẹ láti àná. Òdòdó mìíràn ti là, wọ́n sì ti rẹ̀, tọrùn-tọrùn, ọrùn wọn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Mo yẹ ilẹ̀ ìkòkò wò: kò gbẹ, kò sì rin jù. Mo yí ewé kọ̀ọ̀kan padà: kòkòrò wínníwínní díẹ̀ wà lára lẹ́túùsì, mo fi omi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n wọn ò dé ara ata. Ooru àárọ̀ 16, ti ìrọ̀lẹ́ 18. Kò sí nǹkan kan nínú ohun tí mo ń kọ tó lè mú òdòdó rẹ̀.

Bọ̀dá ní ojú mi ló wúwo lára rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 24 Oṣù Kẹwàá

Omi ń ṣàn lára ọ̀rá láàárọ̀ yìí bí ògiri ilé ìdáná tí wọ́n ti se oúnjẹ ọ̀pọ̀ èèyàn. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ ní dígírì 16.

Aago mẹ́fà àárọ̀ àti mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń kà á. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín wọn, mi ò mọ̀ ọ́n. Bí ọmọ iṣẹ́ kan bá ṣe bẹ́ẹ̀ lábẹ́ mi nígbà kan, mi ò ní fojú rere wò ó. Mo lọ tú àpótí mi, mo yọ òṣùwọ̀n alámì jáde, èyí tó máa ń fi abẹ́rẹ́ kéékèèké sílẹ̀ níbi tí ooru ga dé àti níbi tó lọ sílẹ̀ dé. Mo gbé e kọ́ sẹ́yìn àwọn tòmátì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 Oṣù Kẹwàá

Abẹ́rẹ́ òkè dúró sí 31. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Bọ̀dá wà ní ilé ìdáná, wọ́n ń po ìyẹ̀fun.

“Bọ̀dá, ta ló ń wọ ilé gíláàsì lóru?”

“Èmi ni.”

“Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?”

“Mo ń tan hítà sókè. Mo sì ń fi aṣọ tútù kọ́ yí i ká, kí afẹ́fẹ́ má gbẹ.”

“Láti ìgbà wo?”

“Látìgbà tí òtútù ti dé. Ìwọ náà mọ̀ pé aago méjì ni mo máa ń jí. Gbogbo ayé mi ni mo fi jí laago méjì. Ta ni kí n wá máa bá sọ̀rọ̀ lásìkò yẹn nínú ilé yìí? Tó bá ti kù díẹ̀ kí o jí, mo ti dá gbogbo ẹ̀ padà sí àyè ẹ̀.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

“O ò bi mí. O ń sùn.”

Mo sọ fún wọn pé ìyẹ̀fun ni wọ́n ń tọ́jú bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ata. Ata kì í wú.

“Gbogbo ohun tó lẹ́mìí ló fẹ́ kára òun móoru.”

“Tí òru bá ti gbóná jù, òdòdó ata kì í dúró. Tí afẹ́fẹ́ bá sì rin bẹ́ẹ̀, àtíkè inú ẹ̀ á lẹ̀ mọ́ra, kò ní bọ́ sílẹ̀.”

Wọ́n dá ọwọ́ dúró. Ìyẹ̀fun dé ìgbọ̀nwọ́ wọn.

“Ṣé èmi ni mo ń gbọ̀n ọ́n dànù látọjọ́ yìí?”

“Ẹ̀yin ni.”

“Ó dáa.” Wọ́n fọwọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, “Àmọ́ o ò lè sọ pé mi ò tọ́jú ẹ̀.”

Hítà di tèmi láti òní. Mo yí i sí 12 fún alẹ́.

“Méjìlá! Ṣé ata lo fẹ́ gbìn ni àbí o fẹ́ tọ́jú ẹran?”

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kọkànlá

Òdòdó kan ti lo ọjọ́ mẹ́rin láìrẹ̀. Ewé funfun rẹ̀ ti rọ, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ dúró gírí.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kọkànlá

Ó so. Èso náà tó ìlẹ̀kẹ̀ kan, aláwọ̀ ewé. Mo ké sí Bọ̀dá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wò ó títí, wọn ò fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní kí n dín ariwo kù.

Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kọkànlá

Ìta 3, inú 12. Lẹ́túùsì ń dára, wọ́n fẹ́ òtútù yìí. A ti jẹ lára wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ yìí, nígbà tí èyí tó wà lọ́jà rọ bí aṣọ tí wọ́n fún lómi.

Télọ̀ tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa wá ra tòmátì. Ó rí ìjókòó méjì tí a gbé ti ìkòkò ata.

“Ẹ̀yin méjèèjì, ata kan ṣoṣo lẹ wá ń ṣọ́ báyìí bí ẹni ń ṣọ́ báńkì?”

Bọ̀dá ní, “Báńkì ní ẹ̀ka púpọ̀. Èyí ò ní.”

“Tó bá pọ́n, ẹ ó fún mi tọ́ wò?”

“Aṣọ tí mo gbé fún ẹ lóṣù tó kọjá ńkọ́?”

Télọ̀ sanwó tòmátì, ó lọ.

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kejìlá

Ìjì lálẹ́ àná. Gíláàsì kan fọ́ lápá òrùlé, ó já sáàárín ewébẹ̀. Ata ò fara pa. Oníṣẹ́ gíláàsì ní òun ò ráyè títí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, nítorí náà Bọ̀dá fi páànù búrẹ́dì dí ihò náà. Ó wọ ibẹ̀ rẹ́gí, nínú gbogbo ohun tó wà nínú ilé yẹn, òun nìkan ló bá àyè rẹ̀ mu.

Èso ti gùn tó oríkèé ìka kan. Ó ti ń tẹ̀ díẹ̀, bí ti ìyá wa ṣe máa ń tẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Oṣù Kejìlá

Ìta 2, inú 12. Òdòdó mẹ́ta tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ọ̀fun ń dùn mí.

Ọjọ́rú, 17 Oṣù Kejìlá

Mo jókòó láti kọ èyí. Ibà ni, pẹ̀lú ikọ́ tó wọ àyà. Bọ̀dá ní nọ́ọ̀sì wá lẹ́ẹ̀mejì, mi ò rántí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Láti ọjọ́ kẹwàá títí di àná, mi ò ka nǹkan kan. Irú àlàfo bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ìwé mi rí.

“Ilé gíláàsì ńkọ́?”

“Ó wà níbẹ̀.”

“Ata ńkọ́?”

“Mu omi ọbẹ̀ yìí.”

Ní ìrọ̀lẹ́, mo fara ti ògiri débẹ̀. Hítà wà láàyè rẹ̀, ó wà ní 12. Òṣùwọ̀n alámì wà nílẹ̀, ó ti fọ́. Bọ̀dá ní ìgbọ̀nwọ́ àwọn ló gbá a. Lẹ́túùsì ti sùn sílẹ̀ nítorí òùngbẹ. Ata ti já ewé díẹ̀, ṣùgbọ́n èso rẹ̀ wà, ó ti gùn sí i. Mo bomi rin gbogbo wọn, mo padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó rẹ̀ mí ju bó ti yẹ lọ.

Ọjọ́ Ajé, 22 Oṣù Kejìlá

Nǹkan eléérú kan hù sí ìsàlẹ̀ igi ata, ó rí bí òwú. Nígbà tí mo fi ìka kàn án, ó fò bí eruku. Bọ̀dá mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀: “Ó ń bu. Bí búrẹ́dì ṣe máa ń bu náà ni.”

Mo gbé àwòrán rẹ̀ lọ fún obìnrin tó ń ta irúgbìn ní òpópónà kejì. Ó fẹ̀ ẹ́ títí lójú fóònù.

“Ó ti wọnú igi, mọ́mì. Ẹ bó ọ̀rá yẹn kúrò, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i. Ẹ gé ibi tó bá ṣeé gé. Kò ní yè, àmọ́ ó lè pẹ́ díẹ̀.”

“Báwo ni yóò ṣe pẹ́ tó?”

“Tó bá pẹ́ títí, oṣù Kejì.”

Mo bi í léèrè ohun tó fà á. Ó ní ọ̀rinrin tó pọ̀ ni, láìsí ooru láti gbẹ ẹ́. Mo sọ fún un pé hítà wa kì í kú. Ó ní kí n má bínú, ohun tí òun rí lòun sọ.

Èso yóò pọ́n kí oṣù Kìn-ín-ní tó parí. Èso la nílò, kì í ṣe igi. Mo fi ọ̀bẹ tí mo ti fi iná yan gé ẹ̀ka méjì kúrò.

Ọjọ́ Ajé, 29 Oṣù Kejìlá

Tòmátì ti wọ́n gan-an lọ́jà. Tiwa pọ́n mẹ́fà, kékeré, awọ wọn le.

Bí mo ṣe ń gé ewé tó kú lára ata, mo rí èso kejì lẹ́yìn ewé, ó tó orí ìṣáná. Nínú òdòdó mẹ́ta ọjọ́sí, méjì ti rẹ̀, èyí dúró. Kò dájú pé igi yóò lè bọ́ ọ dópin. Mo rò ó láti já a kí gbogbo agbára lè lọ sọ́dọ̀ àkọ́kọ́. Bọ̀dá ní, “Fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀.” Mo fi í sílẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 Oṣù Kìn-ín-ní

Èso àkọ́kọ́ ti ń dúdú ní ẹ̀gbẹ́ kan. Bọ̀dá ra ìyẹ̀fun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 Oṣù Kìn-ín-ní

Ó pọ́n. Mo gé e láàárọ̀ yìí, mo gbé e sórí àwo funfun. Bọ̀dá wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́ wá sí ìdí tábìlì, mi ò bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀. Òórùn rẹ̀ jáde kí ọ̀bẹ tó wọlé dáadáa. Òun ni, mi ò lè ṣì í.

Mo là á sí méjì. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ara funfun àárín rẹ̀ wà, ihò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ṣùgbọ́n kò sí hóró kan.

Bọ̀dá gba ọ̀bẹ, wọ́n tún un là sí mẹ́rin. Wọ́n fi ẹnu ọ̀bẹ ha inú rẹ̀.

“Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyí?”

“Rárá.”

“Ṣé ó bọ́ sílẹ̀ ni?” Wọ́n wo abẹ́ tábìlì.

Ata náà kò tó búrẹ́dì kan. Wọ́n fi bébà wé e, wọ́n gbé e sínú fìríìjì, wọ́n lọ jókòó síta nínú òtútù.

Ọjọ́rú, 21 Oṣù Kìn-ín-ní

Obìnrin onírúgbìn ní, “Dígírì mélòó lẹ fi sí lóru nígbà tó ń so?”

“Méjìlá.”

“Háà, mọ́mì. Ó ti kéré jù. Ata tó bá so nínú irú òtútù yẹn lè so lásán. Èso á wà, kò ní ní hóró.”

Ìwé tí mo kà sọ pé ata lè fara da méjìlá. Òótọ́ ló sọ, ó fara dà á. Èmi ni mi ò bi ìwé ní ìbéèrè kejì.

Mo délé, mo sọ fún Bọ̀dá. Mo rò pé wọn yóò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

“Èmi fi ooru lé e lọ, ìwọ fi òtútù pàdé ẹ̀ lọ́nà.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Èyí tó kù ńkọ́?”

“Mi ò rò pé ó sàn ju èyí lọ. Méjìlá náà ló wà nígbà tó so.”

“Bí èèyàn bá ń sunkún, á ṣáà máa ríran. Kò tíì já bọ́, àbí ó ti já bọ́?”

A fi hítà sí 18. Wọ́n béèrè fún ogún, mo ní mẹ́rìndínlógún, a pàdé láàárín. Ó ti pẹ́ jù fún ooru láti fi hóró sínú rẹ̀. Bó bá ní, ó ti ní. Ohun tó kù ni kí ó gbó kí igi tó kú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kejì

Bíbu náà ti yí igi ká. Ẹ̀ka kan ṣoṣo ló ṣì ń mu omi, òun ni èso kejì wà lára rẹ̀. Bọ̀dá fi igi ṣíbí gígùn tì í, wọ́n fi okùn dì í. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń béèrè bóyá ó ti ń pọ́n, èmi náà sì ń lọ wò ó lẹ́yìn wọn bí ẹni pé mi ò tíì dé ibẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Oṣù Kejì

Gbogbo ewé rẹ̀ rọ láàárọ̀ yìí, omi tí mo bu sí i kò sì gbé e dìde mọ́. Èso ti dúdú, pupa díẹ̀ ti hàn nídìí rẹ̀. Mo gé e tẹ̀ka-tẹ̀ka, mo so ó kọ́ sí ilé ìdáná, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Bó bá ti dé ibi pupa, ó lè parí rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Bọ̀dá fa igi tó kù tu, wọ́n sun ún lẹ́yìnkùlé. Wọ́n fọ ìkòkò rẹ̀.

Ọjọ́rú, 25 Oṣù Kejì

Pupa látòkè délẹ̀. Mo gbé e sórí àwo. Lọ́tẹ̀ yìí Bọ̀dá ò jókòó, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ jáde.

Mo là á. Hóró kún inú rẹ̀. Wọ́n rọ̀ mọ́ àárín rẹ̀, wọ́n pọ́n díẹ̀ bí eyín àgbà, wọ́n sì sanra. Mo fi èékánná tẹ ọ̀kan, kò wọlé.

“Ó ní?”

“Ó ní.”

Bọ̀dá wá jókòó.

Kò yẹ kó ní. Mo gbé ìwé yìí wá, mo ka ọ̀sẹ̀ padà sẹ́yìn. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejìlá ni òdòdó ṣẹ̀ṣẹ̀ là, nítorí náà àárín ọjọ́ tí mo fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì ló so. Àlàfo ló wà níbẹ̀.

“Bọ̀dá, nígbà tí ara mi ò yá, dígírì mélòó lẹ fi hítà sí?”

“Èwo?”

“Hítà ilé gíláàsì.”

“Kò sí níbẹ̀.”

“Níbo ló wà?”

“Yàrá rẹ ló wà. Ò ń gbọ̀n, eyín rẹ ń lu ara wọn. Tinú yàrá rẹ yẹn ò lágbára. Mo lọ tú tibẹ̀ wá. Ibẹ̀ ni ìgbọ̀nwọ́ mi ti gbá nǹkan rẹ yẹn fọ́. Ọjọ́ tó o kọ́kọ́ jẹun ni mo dá a padà.”

“Ẹ mọ̀ pé ata lè kú.”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ ò sọ fún mi.”

“O ò bi mí,” wọ́n ní. “O ń sùn.”

Nítorí náà ni igi fi bu. Ọ̀rọ̀ obìnrin onírúgbìn ṣe déédéé: ọ̀rinrin tó pọ̀, láìsí ooru láti gbẹ ẹ́. Mo ti bá a jiyàn lórí ohun tí mi ò mọ̀.

A tẹ́ hóró sórí bébà. Bọ̀dá gba ẹran ata náà, wọ́n ní ti àkọ́kọ́ ṣì wà nínú fìríìjì, àwọn yóò pa wọ́n pọ̀. Búrẹ́dì jáde ní ìrọ̀lẹ́, kékeré, ó tó àtẹ́lẹwọ́ méjì. Télọ̀ jẹ tirẹ̀, ó ní òun ò rí ata níbẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó béèrè omi.

Ọjọ́ Ajé, 9 Oṣù Kẹta

Ìta 9, inú 18. Hóró tí mo fi aṣọ tútù wé láti dán wọn wò ti la ẹnu, ó ku ẹyọ kan. Mo gbìn wọ́n sínú ike. A fi ìyókù sínú ìgò mẹ́ta: ọ̀kan tiwa, ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ obìnrin onírúgbìn, Télọ̀ ti gba ọ̀kan láìtíì gbé aṣọ Bọ̀dá wá.

Lọ́sàn-án, mo pe ibi iṣẹ́ mi àtijọ́. Ọ̀dọ́bìnrin tó gbé fóònù kò mọ̀ mí, ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ka ojú ọjọ́ fún mi láti ọjọ́ kẹwàá dé ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kejìlá. Ìkùukùu àti òjò wẹẹrẹ ní ọjọ́ gbogbo, alẹ́ tó tutù jù jẹ́ 15. Ó ní ọ̀sẹ̀ yẹn ló lọ́ wọ́ọ́rọ́ jù láti ìgbà tí òtútù ti dé. Ìṣírò mi ni pé inú ilé gíláàsì yóò wà ní 17 tàbí 18 fúnra rẹ̀, láìsí hítà, ìyẹn sì tó kí èso fi ní hóró.

Mo ṣí ìwé padà síbi àlàfo náà, mo fi pẹ́ńsù kọ ohun tó kà fún mi sí i, lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, mo sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé ìwé àwọn ẹlòmíràn ni mo ti rí i. Ìlà kan ṣì ṣófo lábẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, níbi tí mo ti máa ń kọ ipò hítà. Mo fi gègé kọ ìyẹn, nítorí ó dá mi lójú:

Hítà: ó wà ní yàrá mi.